Ọgbà Ìyá Olókùúta

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 Oṣù Karùn-ún

Búlúù tanná lónìí. Gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ń fọ eyín lọ́wọ́ nígbà tí mo rí i láti ojú fèrèsé: nǹkan búlúù kan nínú ọpọ́n òkúta. Mo rò pé ọ̀rá ni afẹ́fẹ́ gbé wá. Mo sọ̀kalẹ̀ tòun ti búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. Òdòdó ni. Búlúù tí mi ò rí irú rẹ̀ rí lára aṣọ.

Mi ò mọ orúkọ tí òyìnbó ń pè é. Ìyá Olókùúta mọ̀ ọ́n. Èmi sọ wọ́n lórúkọ tèmi ni. Búlúù. Àwọn Akọrin — àwọn pupa tí wọ́n jọ máa ń la ẹnu lọ́jọ́ kan náà. Ọlọ́lá — aláwọ̀ inú ìbẹ́pẹ, tó dá dúró nínú ọpọ́n tirẹ̀, tí ìyàwó mi fẹ́ràn ju gbogbo wọn lọ.

Ìyàwó mi ni Ìyá Olókùúta. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ lorúkọ rẹ̀. Láti ìgbà tó ti ń ru òkúta wọlé fún àwọn òdòdó orí òkè yìí ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀ — nínú mi lọ́hùn-ún, kì í ṣe lójú rẹ̀. Lójú rẹ̀, Ìyá Lẹ́wà ni.

Ó lọ sí Calgary ní Kánádà látinú oṣù kọkànlá, láti bá Ọmọ́lẹ́wà wa wẹ ọmọ. Ó ní òun á dé fún Àjíǹde. Àjíǹde kọjá. Ó wá ní ìparí oṣù yìí, kí òdòdó tó rọ tán. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ nípa ọgbà: "Ẹ má kẹ́ wọn."

Mo ya fọ́tò Búlúù ránṣẹ́ sí i. Ó dá àwòrán ọwọ́ méjì tó ń gbàdúrà padà. Kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i.

Ọjọ́ Àìkú, 4 Oṣù Karùn-ún

Ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá Ìjọ di ọwọ́ mi mú lẹ́nu ọ̀nà. "Màmá Lẹ́wà ńkọ́? Ọjọ́ wo ni wọ́n ń bọ̀ gan-an?" Mo ní láìpẹ́. Wọ́n ní Olúwa á kó wọn bọ̀ láyọ̀. Mo ṣe àmín.

Mo délé, n kò bọ́ sùtánà mi títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò sẹ́ni tó ní kí n lọ bọ́ ọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 Oṣù Karùn-ún

Iṣẹ́. Mo já ẹrù ní èbúté Dagenham Dock, mo tún kó òmíràn. Levi, tó ń gbé ẹrù sínú lọ́rì fún mi, wà lórí fóònù pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ ní gbogbo àsìkò ìsinmi. Nítorí ọ̀dùnkún ni. Irú ọ̀dùnkún tí yóò rà bọ̀, àwọn ńlá àbí àwọn kékeré. Ó ń kùn, ó ń rojọ́ pé obìnrin yìí kò jẹ́ kí òun sinmi.

Mo jókòó, mo ń jowú ọ̀dùnkún.

Oúnjẹ alẹ́: ẹ̀wà inú agolo. Mo jẹ ẹ́ lórí ìdúró.

Ọjọ́ Ẹtì, 9 Oṣù Karùn-ún

Ọlọ́lá ti rudi, ó kù díẹ̀ kó tanná. Ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ rọ̀ jọwọlọ. Oòrùn yìí pọ̀ jù, òjò kò sì rọ̀. Àwọn koríko Mayesbrook Park nítòsí ilé wa ti pọ́n bí koríko ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nílé. Mo bomi rin ín kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Mo tún bomi rin ín nígbà tí mo dé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 Oṣù Karùn-ún

Kò gbéra sókè. Mo lọ ra ajílẹ̀, èyí tó dára jù nínú ṣọ́ọ̀bù, mo kó o sí i lẹ́sẹ̀, mo fi omi tẹ̀ lé e. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ létí: ẹ má kẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò rí ohun tó ń kú lọ lójú ara rẹ̀ tí yóò fọwọ́ lẹ́rán?

Mo lóṣòó ti ọpọ́n náà, mo sì bá a sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ìyá rẹ ń bọ̀ o. Má dójú tì mí." Lẹ́yìn náà mo wo ẹ̀gbẹ́ bóyá Hamidah aládùúgbò wa ń wò mí láti orí ògiri ọgbà. Kò sí níta.

Ọjọ́ Àìkú, 11 Oṣù Karùn-ún

Kò sí òjò. Mo tún bomi.

Ọjọ́rú, 14 Oṣù Karùn-ún

Ọlọ́lá ti kú.

Mo kàn fọwọ́ kàn án ni, ó yọ sí mi lọ́wọ́. Ọrùn rẹ̀ ti jẹrà, ó ń rùn bí iṣu tó bàjẹ́. Àwọn òdòdó tí kò tíì là ṣì wà lórí rẹ̀.

Èmi tí mo wa lọ́rì kọjá yìnyín Scotland láìsubú, omi kan báyìí dà lójú mi. Nítorí ewé. Mo sin ín sẹ́yìn igi ápù, mo fi òkúta wẹ́wẹ́ dí ojú ibẹ̀ nínú ọpọ́n.

Ìyá Lẹ́wà pè lórí vídíò nírọ̀lẹ́. Ó ní kí n fi ọgbà han òun. Mo fi Búlúù hàn án, mo fi Àwọn Akọrin hàn án, mo sì yí ọ̀rọ̀ padà kíá sí ọmọ wa, bí mo ṣe ń pe Eden, ọmọ Lẹ́wà, tó jókòó lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Eden ti ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú eyín kékeré. Ìyá Lẹ́wà kò béèrè nípa Ọlọ́lá. Mo dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ó ń yà mí lẹ́nu. Ṣé òun náà lè gbàgbé Ọlọ́lá?

Ohun mìíràn: mo ní, "Ọjọ́ wo wá ni ọkọ̀ òfuurufú yín?" Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 Oṣù Karùn-ún

N kò lè sùn bí n kò bá kọ èyí.

Obìnrin òyìnbó kan kan ilẹ̀kùn láàárọ̀. Fìlà koríko, bàtà tó kún fún ẹrẹ̀. Ó ní Catherine ni òun, akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́gbà, pé ọ̀rẹ́ Immy ni òun. Immy! Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé mi pé ìyàwó mi ló ń pè bẹ́ẹ̀. Mo ti fẹ́ obìnrin yìí láti ọjọ́ pípẹ́, n kò mọ̀ pé ó ní orúkọ mìíràn láàárín Barking yìí.

Ó wá nítorí ọjọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Lọ́dọọdún ni ẹgbẹ́ wọn máa ń ṣí ọgbà ilé wọn sílẹ̀ lọ́jọ́ kan kí ará àdúgbò wá wò ó. Ó ní ọgbà wa wà lára rẹ̀. Ó ní ó ti ń wà lára rẹ̀ láti ìgbà tí a ti kó wá láti ilé wa àtijọ́ ní Thames View. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń ṣe é, ìyẹn ni n kò fi mọ̀. Èmi á ti wà lójú ọ̀nà, àbí kí n ti sùn lọ fọnfọn nítorí lọ́rì ọjọ́ kejì.

Mo mú un lọ sẹ́yìn ilé. Ojú rẹ̀ lọ tààrà síbi tí Ọlọ́lá wà tẹ́lẹ̀. Mo jẹ́wọ́ fún un. Òun ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ki ìka bọ erùpẹ̀. Ó ní omi ni. Ó ní lórí òkè tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá, inú pàlàpálá àpáta ni wọ́n ń gbé. Òtútù kì í pa wọ́n, ebi kì í pa wọ́n, ṣùgbọ́n bí omi bá dúró sí wọn lọ́rùn, ó tán. Kò fi ohùn líle sọ ọ́. Ó ní òun náà ti pa tòun rí.

Mo ní kò burú, ìyàwó mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, òun náà ni yóò gbàlejò lọ́jọ́ Àìkú.

Catherine wò mí. Ó ní, "Ṣùgbọ́n Immy ti sọ fún mi látinú oṣù kẹta pé òun kò ní sí nílé. Òun ló ní kí n wá bá yín."

Oṣù kẹta. Ṣáájú Àjíǹde. Nígbà tó ń sọ fún èmi pé òun ń bọ̀ fún Àjíǹde.

Mo ní, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, mo ti gbàgbé. Mo po tíì fún un. N kò mọ ohun tó sọ lẹ́yìn náà.

Ọjọ́ Àìkú, 18 Oṣù Karùn-ún

N kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. N kò bomi rin ohunkóhun.

Ọjọ́ Ajé, 19 Oṣù Karùn-ún

Mo pe fóònù rẹ̀. Lẹ́wà ló gbé e.

"Ẹ káàsán, Dádì. Ah, Mọ́mì ti lọ síbi iṣẹ́ —" Ó tètè yí i padà. Ó ní, "Wọ́n jáde díẹ̀ ni, Dádì."

Mo ní, "Iṣẹ́ wo?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òyìnbó. Bí ọmọ yẹn bá ti fẹ́ sá fún ọ̀rọ̀, òyìnbó ló máa ń gùn bí ẹṣin. Nígbẹ̀yìn ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, Mọ́mì ni kí ẹ bi. Ẹ má fi mí sáàárín." Mo gbọ́ tí Kúnmi ọkọ rẹ̀ ń sọ fún un lẹ́yìn pé kí ó rọra bá mi sọ ọ́. Ọmọ dáadáa ni Kúnmi.

Mo ní ó dáa. Mo ní kó bá mi fẹnu ko Eden lẹ́nu.

Ọjọ́bọ̀, 22 Oṣù Karùn-ún

Fọ́tò kan wọlé nígbà tí mo ń jẹun nínú lọ́rì.

Òun ni. Lórí òkè. Yìnyín ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí àwọn àpáta ńlá. Ó dé fìlà pupa kan tí n kò mọ̀ rí, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó kékeré elésè àlùkò tó bo orí òkúta bí ẹní. Ó ń rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ là gbàgà. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: "Bàbá Lẹ́wà, irú èyí wà nílé wa, nínú ọpọ́n ẹnu ọ̀nà. Tiwa á ti rọ látinú oṣù kẹta. Níbí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tanná. Kò sẹ́ni tó gbìn ín! Kò sẹ́ni tó ń tọ́jú rẹ̀!"

Mo wo ẹ̀rín yẹn títí. Mo wá a kiri nínú orí mi — ìgbà wo ni mo rí i gbẹ̀yìn. Ọjọ́ ìgbéyàwó, bóyá. Ọjọ́ tí Lẹ́wà gba ìwé ẹ̀rí.

N kò lè fi irọ́ dá fọ́tò yẹn lóhùn. Mo kọ ọ́ sí i pé Ọlọ́lá ti kú, pé èmi ni mo fi omi pa á, pé kí ó má bínú. Kí n tó fi ránṣẹ́, mo pa "Ọlọ́lá" rẹ́, mo kọ "èyí tó láwọ̀ bí ìbẹ́pẹ", nítorí kò mọ̀ pé mo sọ wọ́n lórúkọ.

Ó dáhùn kíákíá. "Mo mọ̀. Ẹ kò jẹ́ kí fóònù débẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Kò tó ìbínú."

N kò béèrè nípa iṣẹ́. Òun náà kò sọ.

Ọjọ́ Àìkú, 25 Oṣù Karùn-ún

Wọ́n wá. N kò rò pé ẹnikẹ́ni á wá, wọ́n sì wá. Àwọn àgbàlagbà tó fi ọ̀pá rìn, tọkọtaya kan tó gbé ọmọ sẹ́yìn, obìnrin kan tó ń jẹ́ Chloe tó ya fọ́tò gbogbo òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣe ni wọ́n ń béèrè Immy lọ́wọ́ mi. Immy dà? Immy ló fún mi ní èyí tó wà lójú fèrèsé mi. Ẹ bá mi kí Immy. Catherine dúró tì mí, ó ń bá mi pe orúkọ àwọn òdòdó. Àwọn Akọrin ti la ẹnu pátá. Oòrùn rọra ń ràn. Ẹni tó bá rí mi láti òkèèrè á rò pé èmi ni mo ni ọgbà.

Hamidah gbé sàmósà wá láti ilé kejì. Nígbà tí èrò dínkù, ó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì, ó ní àárò ìyàwó mi ń sọ òun. Mo ní èmi náà.

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Ẹ mọ̀ pé nígbà tí mo kọ́kọ́ kó wá síbí, mo rò pé opó ni?"

Mo ní opó kẹ̀?

Ó ní, "Òun nìkan ni mo máa ń rí. Gbogbo ìrọ̀lẹ́. Á gbé tíì rẹ̀ jáde, á jókòó sórí àga tó wà níbẹ̀ yẹn, á máa bá àwọn òkúta yìí sọ̀rọ̀. Mo máa ń gbọ́ ọ láti kíṣìnì mi. Mi ò gbọ́ èdè yín, ṣùgbọ́n èèyàn máa ń mọ̀ bí ẹnìkan bá ń rojọ́. Ọjọ́ tí mo wá rí yín tí ẹ ń ti ilẹ̀kùn wọlé, ẹ̀rù bà mí. Mo sọ fún un pé ọkùnrin kan wọ ilé rẹ̀."

Kò ní in lọ́kàn láti fi ọ̀rọ̀ náà gún mi. Ó ń sọ ọ́ bí ìtàn ẹ̀rín ni. Ó tún ní, "Ó ní, 'Ọkọ mi ni. Iṣẹ́ ló ń ṣe.' Kò sọ ohun búburú nípa yín rí, Ọ̀gbẹ́ni Adétáyọ̀. Kò sọ ohunkóhun nípa yín rí."

Mo jẹ sàmósà.

Ọjọ́ Ajé, 26 Oṣù Karùn-ún

Ọjọ́ ìsinmi. Òjò díẹ̀ láàárọ̀.

Nírọ̀lẹ́ mo gbé tíì jáde, mo jókòó sórí àga rẹ̀. N kò jókòó síbẹ̀ rí. Láti ibẹ̀, èèyàn kò rí títì, kò rí ilé ẹnikẹ́ni, àfi ọpọ́n àti òkúta àti ẹ̀yìn ilé tiwa, pẹ̀lú fèrèsé yàrá tí mo ti máa ń sùn lọ́sàn-án. Kọ́tìnnì rẹ̀ nìyẹn, ó nípọn, òun ló rán an fún mi kí oòrùn má baà jí mi.

Láti bí oṣù mélòó kan ni mo ti ń ké pé ilé dákẹ́. Òun ti wà nínú ìdákẹ́jẹ́ yìí láti ìgbà tí Lẹ́wà ti lọ sí yunifásítì. Bóyá ṣáájú. Mo máa ń wọlé, mo máa ń ní "oúnjẹ ńkọ́", mo máa ń sùn. N kì í ṣe ọkùnrin burúkú. Mo ń sọ èyí sókè, mo ń sọ ọ́ fún àwọn òkúta.

Ọjọ́rú, 28 Oṣù Karùn-ún

Búlúù ti rọ. N kò ya fọ́tò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 31 Oṣù Karùn-ún

Mo pè é. N kò lo vídíò. Mo fẹ́ ohùn nìkan.

Mo ní, "Ìyá Lẹ́wà, n kò pè láti jà. Ṣé ẹ ń bọ̀?"

Ó ní rárá. Kò fi ohunkóhun bò ó.

Ó ní òun ti ríṣẹ́ síbì kan tí wọ́n ti ń gbin òdòdó orí òkè fún títà, láti oṣù kejì. Wọ́n fún òun ní kọ́kọ́rọ́. Wọ́n ń pe òun láti béèrè ohun tí wọ́n á ṣe. Ó ní òun fẹ́ sọ fún mi, ẹnu òun kò gbà á, ló fi di Àjíǹde, ló fi di ìparí oṣù karùn-ún. Ó bẹ̀ mí fún irọ́ yẹn. Ó ní irọ́ yẹn nìkan ni òun ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Mo bi í pé kí ni mo ṣe.

"Bàbá Lẹ́wà, ẹ kò lù mí. Ẹ kò bú mi. Ẹ kò gbé obìnrin wọlé. Ẹ kàn kò sí níbẹ̀ ni."

Mo ní, "Mo ń ṣiṣẹ́ ni."

Ó ní, "Mo mọ̀. Mo ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi lójoojúmọ́. Mo dé ibí, mo sùn. Lẹ́wà ń pè mí jẹun, Kúnmi ń bi mí bí ọjọ́ mi ti rí. Ọmọ kékeré yẹn ń ké bí mo bá jáde ní yàrá. Mo wá rí i pé mo ti ń kú lọ níbẹ̀ yẹn, Táyọ̀, mo ń gbin òdòdó lé e lórí."

Táyọ̀. Kò pè mí bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí a ti bí Lẹ́wà.

Mo gbọ́ bí Eden ṣe ń ju nǹkan kan sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tó ń gbé e, tó tún ń jù ú sílẹ̀. Mo wá sọ ohun tó wà lẹ́nu mi láti àná. Mo ní ọ̀gá mi lè fún mi ní ìsinmi. Mo ní mo lè fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ pàápàá, ọjọ́ orí mi tó bẹ́ẹ̀. "Ṣé kí n wá?"

Mo wo fóònù bóyá ó ti gé.

Ó ní, "Ẹ má tíì wá."

Mo ní mo gbọ́. Mo ní kó kí wọn. A dágbére.

Mo kọ́kọ́ bínú. Mo dìde, mo fọ àwo kan ṣoṣo tó wà nílẹ̀, mo tún un fọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí, nígbà tí mo sì dé ibi ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn ni ọwọ́ mi dúró. Kò ní kí n má wá. Ó ní kí n má tíì wá. Ó lè jẹ́ àánú ló fi sọ "má tíì" dípò "má", bí èèyàn ṣe máa ń rọra ti ilẹ̀kùn mọ́ àgbàlagbà. Ó sì lè jẹ́ pé ohun tó ní lọ́kàn gan-an nìyẹn.

N kò lè pè é padà láti bi í.